Mọ́tò Tó Léfòó Lójú Aṣálẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin Bàbá, Mọ́mì ní kí n lọ kó ẹrù inú bùùtù mọ́tò Panda wa kúrò, torí pé wọ́n fẹ́ fi mọ́tò náà kó ìrẹsì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí: kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta tó kún dé ọrùn, pákó gígùn méjì, ṣọ́bìrì, okùn, aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa, àti bisikíìtì tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Padova ní Ìtálì la wà o. Láti ilé wa ní Arcella dé ibi tí wọ́n ti ń ta omi, ìrìn ìṣẹ́jú méjì ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó lórí pákó, mo sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kú. N kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sunkún ní itẹ́ òkú. Pákó ló mú mi.

Bàbá tó bí Mọ́mì ni wọ́n. Bàbá Aṣálẹ̀ ni gbogbo Arcella ń pè wọ́n. Kí wọ́n tó wá gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti fi ọdún méjìdínlógún wa lọ́rì láti Kánò, gba Agadez, lọ sí Tamanrasset, nínú aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò dé rí. Wọ́n á kó aṣọ àti ẹ̀pà lọ, wọ́n á kó dàbínù bọ̀. Orí lọ́rì wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n sì máa ń sọ pé kò sí irú àwọ̀ ewé yẹn mìíràn lójú ọ̀nà náà, torí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n po ọ̀dà rẹ̀ tí kò sì rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ ìbí wọn, ilé ìwé tí wọ́n lọ àti iye ọmọ tí wọ́n bí, ó wà nínú ìwé ìsìnkú. Mọ́mì kọ ọ́ dáadáa, fọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni kò jọ wọ́n.

Wọn kò fẹ́ kí a gbé òkú wọn lọ sílé. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa lórí tábìlì oúnjẹ, nígbà tí ara wọn ṣì le. Wọ́n ní, "Ẹ má gbé mi wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wọ̀ ọ́, mi ò sì rí nǹkan kan lójú ọ̀nà."

Èdè Yorùbá tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ní kékeré, èdè Ìtálì ni mo fi ń dá àgbà lóhùn, Mọ́mì sì gbà á bẹ́ẹ̀ torí pé ó ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó délé. Bàbá kò gbà. Bí mo bá ní "Nonno, ho fame," wọ́n á wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ọkọ̀ tram tó ń kọjá ló sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa wò ó bẹ́ẹ̀ títí màá fi ní, "Bàbá, ebi ń pa mí." Nígbà náà ni wọ́n á yíjú padà. Wọ́n á ní, "Háà, Tọ́pẹ́. O ti dé."

Bàbá kì í sọ ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ bí ẹni tó jìyà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń mú àlejò rìn kiri ni. Wọ́n ní ibi mọ́kànlá ló wà tí ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ rí. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà wọ́n, nígbà tí ìka bá tán, wọ́n á bọ́ bàtà kan láti fi ìka ẹsẹ̀ kún un. Igbó kan wà tí gbogbo igi inú rẹ̀ ti di òkúta. Ẹ ó rí èèpo rẹ̀, ẹ ó rí ojú ẹ̀ka, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ta á nípàá, ẹsẹ̀ yín ló máa ṣẹ́. Ìkarahun òkun wà tó tẹ́ rẹrẹ sórí yanrìn, níbi tí òkun kò sí. Òkìtì yanrìn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń yọ̀ bọ̀ láti orí rẹ̀, á máa kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àpáta wà tí àwọn ará àtijọ́ ya màlúù àti àgùnfọn sí lára, níbi tí ewúrẹ́ kan ṣoṣo kò ti lè rí koríko jẹ báyìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹnu ọ̀nà tó dá dúró láìsí ilé. Ògiri ti wó, òrùlé ti lọ, férémù nìkan ló kù láàárín yanrìn, gbogbo awakọ̀ sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó lọ tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò gba ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn ni. A kì í ṣe ẹranko."

Ojú yìí náà ni wọ́n fi wo gbogbo Ìtálì. A mú wọn lọ sí Venezia, wọ́n ní omi ti pọ̀ jù. A mú wọn dé Torino, wọ́n rí àwọn òkè tí yìnyín bò, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní yanrìn rẹ̀ dára ṣùgbọ́n òtútù ti bà á jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Padova, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró de ohun tí wọ́n máa sọ. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n èèyàn ló kọ́ ọ, ó yẹ kó dára."

Bí a bá fẹ́ lọ kí àbúrò Mọ́mì ní Torino, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni lórí autostrada, òpópónà ńlá wọn, Bàbá á sì múra fún un bí ẹni tó ń lọ Tamanrasset. Ní ìdájí, wọ́n á ti fi igi lu táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi Mọ́mì pé omi dà.

"Bàbá, ibi ìsinmi pọ̀ lójú ọ̀nà," Mọ́mì á ní. "Wọ́n ń ta omi, wọ́n ń ta caffè, wọ́n tún ń ta ìwé."

"Tí wọ́n bá tì í ńkọ́?"

"Wọn kì í tì í. Autostrada ni."

"Mo gbọ́. Tí wọ́n bá tì í ńkọ́?"

A ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì. Pákó méjì yẹn ni wọ́n fi rọ́pò irin pẹlẹbẹ tí àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ máa ń tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì sínú yanrìn. Ó gùn ju bùùtù lọ, orí rẹ̀ máa ń yọ sí àárín ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ sì ni mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wúlò. A lọ sí Cuneo nígbà òtútù láti kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò rì sínú yìnyín. Mọ́mì ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń fa mọ́tò lórí fóònù. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tẹ́ pákó, wọ́n ní kí Mọ́mì tẹ iná díẹ̀díẹ̀, mọ́tò sì jáde. Wọ́n nu pákó gbẹ, wọ́n dá a padà, wọ́n jókòó, wọ́n de bẹ́líìtì. Wọ́n ní, "Ìwé ni o sọ pé wọ́n ń tà, àbí?"

Ìka ẹsẹ̀ ni mọ́tò tó léfòó. Òun ni wọ́n máa ń fi kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni, ibodè Assamaka ṣì jìn, ilẹ̀ sì tẹ́jú bí àwo. Lápá òsì wọn, odò kan ń dán níbi tí kò sí odò, irú èyí tí gbogbo awakọ̀ ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ti mú. Ṣùgbọ́n lórí odò ọjọ́ náà, lọ́rì kan léfòó, ó sì dorí kodò. Ọkùnrin kan dúró lórí ẹrù rẹ̀, ó ń ju aṣọ funfun kan sókè sílẹ̀. Bàbá dẹ iná, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní ẹ̀tàn ojú aṣálẹ̀ tún ti dé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bí wọ́n bá dé ibí yìí, wọ́n á dìde, wọ́n á mú tọ́wẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jù ú fún wa kí a lè rí bó ṣe rí. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní ilé dókítà, wọ́n ní kí n tú u sí èdè Ìtálì fún Signora, obìnrin tó ń gbé òkè wa. Ìparí rẹ̀ kì í yí padà: "Nínú gbogbo ohun tí mo rí láyé, òun ló rẹwà jù."

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Brother Kúnlé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Cuneo, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di èso sínú páálí. Aṣálẹ̀ kan náà ni Kúnlé gbà kó tó wọ Ìtálì, lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n kó èèyàn jọ sí bí ẹrù. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, a ń jẹun ní yàrá ẹ̀yìn, Bàbá ti bọ́ bàtà, wọ́n ti dé orí ìka ẹsẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Kúnlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ó ní. "Mọ́tò yẹn, it was real."

"Kí lo wí?"

"Àwa náà rí irú ẹ̀. Ó ń fò lórí omi, ó dorí kodò. Gbogbo wa ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Driver wa ní ó wà níbẹ̀. Ó ní omi yẹn ni irọ́, pé ooru ló ń gbé nǹkan sókè báyẹn, but kì í gbé ohun tí kò sí. Ó wà wá lọ síbẹ̀. Mọ́tò gidi ni, sà. Àwọn èèyàn wà lábẹ́ ẹ̀."

"Wọ́n wà láàyè?"

Kúnlé wo àwo rẹ̀. "Àwọn kan."

Bàbá fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n bi í bí ó ṣe jìn tó, apá ibi tí oòrùn wà, bóyá mọ́tò náà ń mì tàbí ó dúró jẹ́. Kúnlé dáhùn gbogbo rẹ̀. Mọ́mì bínú sí i gidigidi, wọ́n ní ta ló ránṣẹ́ pè é, ṣé kò lè fi àgbàlagbà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ ni. Bàbá ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Wọ́n wọ bàtà. A wọ tram dé ibi tí a ti ń bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Ọkùnrin yẹn ń ju aṣọ sí mi."

Láti ọjọ́ náà, ibi mẹ́wàá ló kù. N kò rí wọn kí wọ́n bọ́ bàtà níbi ìtàn mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àwọn fi èèyàn sílẹ̀ kó kú, tí àwọn sì ń fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín fún ogójì ọdún?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, lọ́sàn-án lọ́sàn-án wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì, láàárín àpò gàrí àti ìpara irun, wọ́n á máa ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn ló ń dáhùn. Alhaji Músá nìkan ló ṣì wà nínú àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, ó sì ti fẹ̀yìn tì sí Agadez. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi ń sọ àwọ̀ tapólì lọ́rì náà, ọdún rẹ̀, oṣù rẹ̀, apá òsì. Àwọn oníbàárà kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ kí àwọn tó bèèrè iye tí iṣu jẹ́. Èsì Alhaji Músá kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Mo ṣì ń bèèrè."

Ohun kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Mọ́tò yòówù tó bá dúró sí corsia d'emergenza, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún pàjáwìrì, àfi kí àwa náà dúró. Mọ́mì ṣàlàyé pé òfin kò gbà á, pé ó léwu, pé polizia á gba patente, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àwọn. Bàbá á gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n á sì tún na ọwọ́ sí mọ́tò tó kàn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Mọ́mì búra pé àwọn kò gbé wọn lórí autostrada mọ́ láyé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba patente ni ó wá kàn.

Ìtòsí Verona, a rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, ó fara ti mọ́tò olówó ńlá, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ife. Ọkùnrin náà ní, "Grazie, sto solo telefonando." Ó ní fóònù lásán ni òun ń ṣe. Bàbá kò gbọ́ èdè, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi mu ún. Ibi tí a wà nìyẹn tí polizia fi dé. Mò ń ṣàlàyé, mò ń làágùn, mo ní nonno mi ni, awakọ̀ aṣálẹ̀ ni wọ́n. Bàbá bu omi fún ọlọ́pàá náà. Ó wo ife, ó wò mí, ó mu ún, ó sì ní kí n máa gbé wọn lọ. Inú bí mi dé Padova. Mo ní, "Bàbá, gbogbo wọn ló ní fóònù. Kò sẹ́ni tó ń kú níbí." Wọn kò bínú sí mi. Wọ́n ní, "Ohun tí èmi náà sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Udine, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Magredi. Ilẹ̀ òkúta funfun ni, tó tẹ́ lọ salalu lábẹ́ òkè, níbi tí odò ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ tí ó fi òkúta nìkan sílẹ̀. Mo mú Bàbá lọ síbẹ̀ nínú oṣù Keje. Mo rò pé màá múnú wọn dùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n he òkúta kan, wọ́n lá a, wọ́n tutọ́. Wọ́n ní, "Ó kéré. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni."

A kò tíì rìn jìnnà tí ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ilẹ̀. Omi ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Lórí omi náà, mọ́tò kékeré kan léfòó, ó dorí kodò. Èmi náà rí i. Bàbá padà sí bùùtù, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n mú aṣọ funfun, wọ́n sì kọjú sí i. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, orókùn wọn kò sì dára. Mo ní kí a wá ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Wọ́n ní á pẹ́ jù. Wọ́n ń rìn lórí òkúta, wọ́n ń ju aṣọ yẹn sókè ní gbogbo ìgbà, mo sì bi wọ́n pé kí ni ìyẹn wà fún. Wọ́n ní, "Kó lè mọ̀ pé a ti rí òun."

Bí a ṣe ń súnmọ́ ọn, omi ń gbẹ, mọ́tò sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà rẹ̀ fi kanlẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, ó ń ya fọ́tò ẹyẹ. Wàràkàṣì wà lórí itan rẹ̀, wáìnì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹyẹ ti fò lọ nítorí wa. Ó ní, "Tutto bene?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àlàáfíà ni, mo ní nonno mi fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní omi. Ó ronú sí i, ó ní rárá o, omi gan-an ni òun gbàgbé sílé. Bàbá bu omi fún un, ó mu ife méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí mọ́tò rẹ̀. Irin náà gbóná, wọn kò gbé ọwọ́ kúrò. Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọn kò nù ún. Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kúnlé kò parọ́."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ní ilé ìwòsàn, wọn kò bèèrè ẹnikẹ́ni tí kò wà níbẹ̀, àfi ẹyọ kan. Wọ́n ní, "Músá ti fèsì?" Mo ní kò tíì fèsì. Wọ́n ní ó dáa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú kí fóònù wọn tó dún. Ọwọ́ mi ló wà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, Mọ́mì ń to àgolo tòmátò. Ohùn Alhaji Músá ni, pẹ̀lú Yorùbá tó kọ́ nígbà tó ń gbé Ìbàdàn:

"Ọ̀rẹ́ mi, a ti rí i o. Ibrahim lorúkọ ẹ̀. Ó wà ní Zinder, ó ń ta táyà. Sípíríńgì mọ́tò wọn ló ṣẹ́ nígbà yẹn. Omi wà, ewúrẹ́ wà. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ wá sípíríńgì, wọ́n bọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Kò pè ẹ́ o. Yanrìn ló ń gbọ̀n kúrò lára aṣọ tó fi ń sùn. Ó ní òun rí mọ́tò kan lọ́jọ́ yẹn, olórí àwọ̀ ewé, irú àwọ̀ ewé tí kò dára. Ó ń fò lórí omi, ó dorí kodò. Ó rò pé irọ́ aṣálẹ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun rí láyé, òun ló rẹwà jù."

Mọ́mì ti fi tòmátò sílẹ̀. Ohùn kejì wọlé. Ọkùnrin kan ń sọ Haúsá lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, Músá sì ń tú u: "Láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé èèyàn gidi ni ẹ́, ara ẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní mọ́tò tó dorí kodò, òun ì bá ti lọ wò ó. Ó ní kí n bi ẹ́: ṣé omi wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi bà jẹ́. Mọ́mì nu ojú wọn pẹ̀lú ápúrọ́ọ̀nù, wọ́n wo ibi tí mo kó ẹrù Bàbá sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, pákó, aṣọ funfun. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ padà sí bùùtù, àwọn á fi nǹkan mìíràn kó ìrẹsì.

"Dá a lóhùn ná," wọ́n ní. "Má jẹ́ kó dúró."

Èmi ni mo máa sọ fún Músá pé Bàbá ti kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni Ibrahim bèèrè. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo dá Ibrahim lóhùn.

"Omi wà, Bàbá," mo ní. "Omi wà dáadáa."